Remote Desktop ń já lẹ́yìn tí ẹ gbé Windows ga: ẹ wo aago kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10. Àwọn ọ́fíìsì kéékèèké tí mò ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn ní Ìbàdàn, láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà, ti gbé ẹ̀rọ wọn ga sí Windows 11 báyìí. Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ kan ti ń tẹ̀ lé mi kiri: Remote Desktop tó ń já. Òṣìṣẹ́ á jókòó sílé, á wọlé sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, á ṣí ìwé owó tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Kò ní pẹ́ tí síkíríìnì á fi dì, tí Windows á ní òun ń gbìyànjú láti tún sopọ̀. Á sopọ̀ lóòótọ́, á sì tún já.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí mo mọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní alẹ́ tó kẹ́yìn oṣù kò ní àyè fún ẹ̀rọ tó ń já. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gbà á ló ń dá kún un: pa firewall, yọ antivirus, tún Windows fi sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi mélòó kan ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá dáa, ẹ ò mọ ohun tó wò ó sàn. Bí kò bá dáa, ẹ ti pa ipasẹ̀ rẹ́.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn: lẹ́yìn tí ẹ wọlé, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó já?

Ẹ kọ́kọ́ mú aago

Àǹtí kan wà tó jẹ́ akáǹtáǹtì fún ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì náà. Ó pè mí láti ilé rẹ̀ ní Akóbọ̀.

“Bùrọ̀dá, nǹkan yìí ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà ló ń já.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí aago orí fóònù yín, èyí tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá já, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ máa tẹ nǹkan lọ láìdúró. Nígbà mìíràn, ẹ kàn jókòó, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Nígbà tó padà pè mí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Kì í já nígbà tó bá ń tẹ nǹkan. Ìgbà tó bá gbé ọwọ́ kúrò láti to rìsíìtì jọ tàbí láti gbé fóònù ló ń já, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. “Gbogbo ìgbà” ti di ohun tí èèyàn lè wá ìdí rẹ̀. Kí n tó ṣí ẹ̀rọ rárá ni mo ti mọ ibi tí n óò kọ́kọ́ wò.

Bí mo ṣe ń ka aago náà rèé. Bó bá ń já ní nǹkan bí àáyá 65 ní gbogbo ìgbà, UDP, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí Remote Desktop ń gbà, ni mo máa ń fura sí. Bó bá jẹ́ iye tó gún, bí ìṣẹ́jú 10, 15 tàbí 30, tí ó sì jẹ́ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan, ètò kan ló wà níbì kan tó ń kà á: oorun ẹ̀rọ, tàbí òfin tó ní kí a lé ẹni tó jókòó lásán jáde. Bí kò bá ní iye kan pàtó, tó ń já lójijì tó sì ń padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí iná ni. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ṣí nǹkan ńlá ló ń dì, bí àwòrán tàbí ìwé tó kún fún nọ́ńbà, ẹ wo MTU, ìyẹn ìwọ̀n dátà tó tóbi jù tó lè gba ojú ọ̀nà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sì padà rárá àfi tí ẹnì kan ní ọ́fíìsì bá fọwọ́ tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ti sùn nìyẹn.

Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín nílé, àti èyí tó wà ní ọ́fíìsì. Ó lè jẹ́ ọ̀kan péré lẹ gbé ga, kó sì jẹ́ pé ìkejì ni kò bá a mu mọ́. Lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ di bọ́tìnì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀: 23H2, 24H2, 25H2 (àwọn ẹ̀dà Windows 11), tàbí Windows Server 2016, 2019 (Windows ti sáfà, kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan). Ìsọfúnni kékeré yìí ló máa ń pín ẹjọ́ sí méjì.

Bí wọ́n bá tún Windows fi sórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó sì jẹ́ ẹ̀dà Home ni wọ́n fi sí i, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Home lè jáde lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè gba àlejò. Pro ni ẹ nílò níbẹ̀.

Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí Windows ń kọ fúnra rẹ̀

Ẹ̀rọ ọ́fíìsì ń kọ gbogbo ìwọlé àti ìjádé sílẹ̀. Ẹ ṣí Event Viewer lórí rẹ̀, ẹ lọ sí Applications and Services Logs, Microsoft, Windows, TerminalServices-LocalSessionManager, Operational. Nọ́ńbà mẹ́rin ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. 21 ni ìgbà tí ẹnì kan wọlé. 24 ni ìgbà tó já. 25 ni ìgbà tó padà wọlé. 40 ló ń sọ ìdí tó fi já, pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré tó wà ní ìparí gbólóhùn rẹ̀.

Ẹ ka nọ́ńbà kékeré yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ 3, àkókò jíjókòó lásán ló pé. Bó bá jẹ́ 5, ìsopọ̀ mìíràn ló wọlé tó gba àyè ti àkọ́kọ́. 11 túmọ̀ sí pé òǹlò fúnra rẹ̀ ló já a, 12 sì ni pé ó jáde pátápátá. Bó bá jẹ́ 0, ẹ̀rọ kò ní àlàyé kankan ṣe, èyí tí mo sábà máa ń rí nígbà tí ọ̀nà bá gé lójijì.

Ẹni tí kò fẹ́ máa tẹ àpò inú àpò lè ṣe é báyìí. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Terminal (Admin), kí ẹ kọ èyí sórí ìlà kan ṣoṣo:

Get-WinEvent -LogName "Microsoft-Windows-TerminalServices-LocalSessionManager/Operational" -MaxEvents 50 | Where-Object Id -in 21,24,25,40 | Format-Table TimeCreated, Id, Message -Wrap

Ẹ fi àkókò tó bá kọ wé ti orí fóònù yín. Kí ẹ tó fi wọ́n wéra, ẹ rí i pé aago ẹ̀rọ méjèèjì bára mu. Ẹ̀gbọ́n wa kan ń wọlé sórí ẹ̀rọ Ìbàdàn láti London. Nígbà òtútù, aago ọ̀dọ̀ wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí kò bá rántí èyí á máa wá ìṣẹ̀lẹ̀ agogo mẹ́sàn-án nínú ìlà agogo mẹ́jọ, á sì ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

Bó bá ń já lẹ́yìn àáyá 65

Èyí ni mo máa ń fẹ́ tètè yọ kúrò lọ́nà, nítorí ó ní orúkọ, ó ní ọjọ́, ó sì ní oògùn.

Láti ìgbà Windows 8 àti Windows Server 2012 ni Remote Desktop ti ń gba ọ̀nà méjì pọ̀: TCP àti UDP, méjèèjì lórí pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ilẹ̀kùn) 3389. TCP ló ń kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni UDP á dara pọ̀ láti gbé àwòrán síkíríìnì àti ohùn, nítorí ó máa ń fara da nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí dátà ti ń sọnù lójú ọ̀nà ju TCP lọ. Ohun tó dáa ni, pàápàá fún àwa tó ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2025, Microsoft fúnra rẹ̀ kéde pé ẹ̀rọ Windows 11 24H2 tó bá gba update oṣù kìíní ọdún náà, KB5050094, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, lè máa já lẹ́yìn àáyá 65 bó bá fi UDP sopọ̀ mọ́ Windows Server 2016 tàbí sáfà tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Nígbà tí update ààbò oṣù kẹta, KB5053598, jáde, àwọn tó ń rí i wá pọ̀ gan-an. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú KB5053656, tó jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2025. Nítorí pé àwọn update Windows máa ń kó ti ẹ̀yìn wọn mọ́ra, èyíkéyìí tí ẹ bá gbà láti oṣù kẹrin 2025 wá ti ní àtúnṣe náà nínú.

Ẹ lè ní, ṣé kì í wá ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Windows Server 2016 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, àtìlẹ́yìn rẹ̀ sì máa dé ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2027. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi fíláàṣì tí wọ́n ń gbé fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́ gbé ẹ̀rọ ga. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àìsàn náà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nítorí àti ṣọ́ owó dátà, wọ́n á sọ WiFi fóònù di “metered connection”, Windows ò sì ní í sáré gba update lórí irú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe máa ń gbé àìsàn tí oògùn rẹ̀ ti jáde kiri fún oṣù pípẹ́ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò: lórí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín nílé, kì í ṣe ti ọ́fíìsì, ẹ ṣí Terminal (Admin), kí ẹ kọ:

reg add "HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows NT\Terminal Services\Client" /v fClientDisableUDP /t REG_DWORD /d 1 /f

Ẹ ti Remote Desktop pa pátápátá, ẹ tún un ṣí, ẹ wọlé, ẹ tẹ aago. Bí ẹ bá ṣí i gba gbogbo síkíríìnì, àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré kan wà lórí igi òkè. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń sọ fún yín pé UDP wà lẹ́nu iṣẹ́. Báyìí, kò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí aago bá kọjá àáyá 65 tí kò já, tó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, UDP ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Pípa UDP ń fi hàn yín ibi tó ń dùn ún, kò tíì wò ó sàn. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á máa fà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára. Ẹ gba gbogbo update tó wà nílẹ̀, ẹ tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá yọ ètò náà:

reg delete "HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows NT\Terminal Services\Client" /v fClientDisableUDP /f

Ẹ tún aago kà. Bí kò bá já mọ́, ó parí.

Bó bá tún já pẹ̀lú update gbogbo, ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń gbà ni kò fẹ́ràn UDP. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan, wọ́n sì ń tètè gbàgbé ọ̀nà UDP tí ẹnikẹ́ni ò lò fún ìgbà díẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí TCP nìkan máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì lè ṣe é níbẹ̀ fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan: nínú gpedit.msc (ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ti kọ winver), Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, Remote Desktop Services, Remote Desktop Session Host, Connections. Ẹ ṣí Select RDP transport protocols, ẹ yan Use only TCP. Nínú àpò kan náà ni Configure keep-alive connection interval wà. Ẹ tàn án, ẹ fi sí ìṣẹ́jú 1, kí ẹ̀rọ lè máa rán nǹkan díẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà láti jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn ṣì ń lò ó.

Ẹ̀rọ tó ń sùn

Ọ̀rọ̀ Àǹtí wa ni èyí. Lẹ́yìn ìgbéga, ètò iná lórí ẹ̀rọ lè padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ti ń ṣọ́ra tẹ́lẹ̀ á wá máa sùn bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó wà nílé ò rí oorun náà. Ohun tí òun rí ni pé ìsopọ̀ já.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú Event Viewer, Windows Logs, System. Ẹ wá Kernel-Power. 42 ni ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí sùn, 107 ni ìgbà tó jí. Lórí àwọn láàpútọ́ọ̀pù tuntun tí oorun wọn jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Modern Standby, 506 àti 507 lẹ máa rí dípò wọn. Àṣẹ powercfg /a á sọ irú oorun tí ẹ̀rọ yín ń sùn fún yín. Nínú ẹ̀rọ tí Àǹtí ń wọ̀, ìlà 42 bá àkókò tó kọ sórí ìwé rẹ̀ mu gẹ́lẹ́.

Lórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì, Terminal (Admin):

powercfg /change standby-timeout-ac 0
powercfg /change hibernate-timeout-ac 0

Síkíríìnì lè kú, ìyẹn ò ní ìpalára. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ sùn. Bó bá jẹ́ láàpútọ́ọ̀pù ni ọ́fíìsì ń lò, tí wọ́n sì máa ń pa ìdérí rẹ̀ dé kí wọ́n tó lọ sílé, ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, Choose what closing the lid does, ẹ fi sí Do nothing fún ìgbà tó bá wà lórí iná.

Oorun kejì wà tí àwọn èèyàn kì í ranti: oorun káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kọ̀ǹpútà lè wà lójúfò kí Windows sì ti pa káàdì náà láti fi ṣọ́ iná. Ẹ ṣí Device Manager, Network adapters, ẹ tẹ káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device to save power. Bí ojú ìwé Advanced bá ní Energy Efficient Ethernet tàbí Green Ethernet, ẹ pa á. Ẹ ṣe é fún okùn, ẹ ṣe é fún WiFi. Ìgbéga sì lè ti pààrọ̀ dráífà káàdì náà sí ti Windows lásán. Mo máa ń lọ gba tuntun ní ojúlé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ rí nọ́ńbà 3 nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 40, oorun kọ́. Ẹ padà sí gpedit.msc, Remote Desktop Session Host, Session Time Limits, ẹ wo Set time limit for active but idle Remote Desktop Services sessions. Bí ọ̀gá ọ́fíìsì ló mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ nítorí ààbò, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yí i padà.

Iná wà lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ mìíràn kì í dárúkọ èyí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, mi ò lè fò ó. Iná lọ, ínfátà gbà á. Kọ̀ǹpútà wà lórí UPS, kò mì. Ráútà tí wọ́n kàn fi há ara ògiri kú, ó tún tàn, ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà nílé rí i pé Remote Desktop já. Nítorí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé Windows ga, Windows ni gbogbo ẹ̀bi á lọ bá.

Mo máa ń bẹ bàbá tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì pé kó bá mi kọ àkókò tí iná bá lọ àti ìgbà tó bá dé. Bàbá náà ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí àwọn àlejò ń fọwọ́ sí. Mo fi ìwé rẹ̀ wé ìṣẹ̀lẹ̀ 24 àti 40. Bí wọ́n bá bára mu, mi ò fọwọ́ kan Windows rárá. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló kú, Kernel-Power 41 á wà nínú System, tó ń sọ pé ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kú bó ṣe yẹ.

UPS kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà ni oògùn rẹ̀. Ẹ wo ara ráútà kí ẹ tó rà á, kí ẹ mọ̀ bóyá 12V ló ń jẹ, tàbí 9V, tàbí 5V. Ẹ wọ BIOS kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pẹ̀lú, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣáájú Windows, kí ẹ wá ètò tó ní kó tàn fúnra rẹ̀ bí iná bá dé. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n AC Power sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Bó bá ń dì nígbà tí nǹkan ńlá bá jáde

Àwọn tó ń gba inú VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó gba inú íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí ọ́fíìsì) kọjá ló ń bá èyí pàdé jù. Dátà tó bá wọ VPN ń gba aṣọ kún ara rẹ̀, nítorí náà ó lè sanra ju ẹnu ọ̀nà lọ. Àwọn kékeré á kọjá, ẹ á wọlé, máòsì á máa rìn. Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé tó kún, dátà ńlá á há, síkíríìnì á dì, ìsopọ̀ á já.

Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà náà. Nígbà tí VPN wà lórí, láti ẹ̀rọ ilé:

ping -f -l 1472 àdírẹ́sì-ẹ̀rọ-ọ́fíìsì

Bó bá ní Packet needs to be fragmented but DF set, ẹ dín nọ́ńbà náà kù, ẹ tún gbìyànjú, títí yóò fi dáhùn. Iye tó ga jù tó dáhùn, ẹ fi 28 kún un, MTU yín nìyẹn. Bí 1372 bá ló kọjá, ẹ lo 1400. Ẹ wo orúkọ ìsopọ̀ VPN yín nípa kíkọ netsh interface ipv4 show subinterfaces, kí ẹ wá kọ:

netsh interface ipv4 set subinterface "orúkọ-VPN" mtu=1400 store=persistent

VPN tó ń jẹ́ WireGuard máa ń lo 1420 láti ilẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Tailscale ń lo 1280. Ìyẹn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó jẹ́ kí Tailscale máa kọjá níbi tí àwọn mìíràn ti há. VPN tó ti wà kí ẹ tó gbé Windows ga, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tún un fi sí i. Dráífà rẹ̀ ń wọ inú Windows jìn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń la ìgbéga kọjá láìfarapa.

Àwọn kékeré tó kù

Nọ́ńbà 5 nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 40: èèyàn méjì ló ń lo orúkọ kan náà. Windows 11 kò gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹlòmíràn bá fi orúkọ yẹn wọlé, ẹni àkọ́kọ́ á já, bóun náà bá tún wọlé, á já ẹni kejì. Mo ti rí ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ méjì ń lé ara wọn jáde láàárọ̀ láìmọ̀, tí kálukú ń bínú sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún kálukú ní orúkọ tirẹ̀ àti ẹ̀rọ tirẹ̀, tàbí kí ẹ gba sáfà.

Síkíríìnì dúdú, tàbí síkíríìnì tó dì tí ìsopọ̀ ò sì já: ẹ fura sí àwòrán. Nínú gpedit.msc lórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì, Remote Desktop Session Host, Remote Session Environment, ẹ fi Use WDDM graphics display driver for Remote Desktop Connections sí Disabled, ẹ tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ wọlé rárá lẹ́yìn ìgbéga, ẹ kọ Test-NetConnection àdírẹ́sì -Port 3389. Bó bá ní False, ẹ wo bóyá Windows ti sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì di Public. Get-NetConnectionProfile á fi hàn yín. Ẹ dá a padà sí Private, ẹ sì kọ Enable-NetFirewallRule -DisplayGroup "Remote Desktop". Kò sí ìdí tí ẹ fi máa pa firewall fún èyí. Àṣẹ yìí ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ẹ nílò.

Ilẹ̀kùn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣí

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 3389 lórí ráútà sí gbogbo ayé, pé VPN ló ń já a. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń wá pọ́ọ̀tù yìí kiri íntánẹ́ẹ̀tì ò sinmi, ọ̀sán àti òru. Ní ọdún 2019, àlébù kan tí wọ́n pè ní BlueKeep, CVE-2019-0708, jáde nínú Remote Desktop àwọn Windows àtijọ́. Ẹni tí kò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé lè gba inú rẹ̀ gba ẹ̀rọ. Bó ṣe burú tó, Microsoft ṣe àtúnṣe fún Windows XP pàápàá, tí wọ́n ti pa tì ní 2014. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, BVN wọn, orúkọ ọmọ wọn, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ẹ̀rọ tí ẹ ń wọ̀ yẹn. Ẹ gba VPN, ẹ jẹ́ kí Network Level Authentication, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé kó tó ṣí síkíríìnì, wà ní títàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ráútà ti ilẹ̀kùn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀

Ẹni tó gbé 24H2 ga sí 25H2 lè yọ ọ́ bí ẹni yọ update lásán nínú Settings, Windows Update, Update history, Uninstall updates, bó bá jẹ́ pé Windows Update ló gba 25H2 wá, nítorí ohun kan náà ni méjèèjì dì mọ́. Ẹni tó kúrò ní Windows 10 tàbí 23H2 ní ọjọ́ mẹ́wàá péré láti padà, nínú Settings, System, Recovery, Go back. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, Windows á pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ àyè láti ka aago dáadáa kí ẹ tó pinnu, ẹ fà á gùn kí ọjọ́ náà tó pé:

DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60

Ẹ ṣe àdàkọ ìwé iṣẹ́ yín sí ibòmíràn kí ẹ tó tẹ Go back, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé tí ẹ ń lò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ ga lọ́wọ́, nítorí òun ni Windows àtijọ́ yóò bi yín.